Ṣáwà Tí Omi Rẹ̀ Kò Lágbára: Ẹ Wọn Omi Kí Ẹ Tó Náwó

Ojú ìwé ìṣòwò yìí ni a ti máa ń sọ̀rọ̀ nípa owó: bí a ṣe ń rí i, bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, àti bí a kò ṣe ní jẹ́ kó bọ́ sọnù. Ẹ̀kọ́ tòní dá lé ohun kan tó ń gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé láìnídìí, ìyẹn ṣáwà tí omi rẹ̀ kì í jáde dáadáa.

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú wa. Ilẹ̀ mọ́, ẹ fẹ́ tètè wẹ̀ kí ẹ lè bá ọkọ̀ ojú irin, omi wá ń kán tó, tó, tó. Àwọn ọmọ ti tò sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, aago ilé-ìwé sì ń lọ. Nígbà tó bá sú wa, a ó pe oníṣẹ́. Òun náà á wo òkè, á wo ilẹ̀, á ní pọ́ǹpù la nílò, tàbí bọ́ílà tuntun. Pọ́ǹpù ń gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún pọ́ùn, bọ́ílà tuntun ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bẹ́ẹ̀, ohun tó dí omi lọ́nà lè jẹ́ èépá tí fínígà ìgò kan yóò yọ kúrò, tàbí fáàfù kan tí ẹnì kan gbàgbé láti ṣí tán.

Àwọn àgbà wa ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò yẹ ara wò, báwo ló ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀tẹ̀ nínú méjèèjì? Àyẹ̀wò ló ṣáájú, owó ló ń tẹ̀ lé e.

OHUN TÍ Ẹ̀KỌ́ YÌÍ DÁ LÉ

Bí a bá ka ẹ̀kọ́ yìí tán, ó yẹ kí ìdílé kọ̀ọ̀kan lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí:

1. Irú ètò omi wo ló wà nínú ilé wa?
2. Lítà mélòó ni ṣáwà wa ń tú jáde ní ìṣẹ́jú kan?
3. Ibo gan-an ni omi ti ń há?

Ẹni tó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí oníṣẹ́ tó máa ta ohun tí kò wúlò fún un.

Ẹ̀KỌ́ KÌÍNÍ: AGBÁRA OMI YÀTỌ̀ SÍ IYE OMI

Ohun méjì ló ń para pọ̀ kí ṣáwà tó dára. Èkíní ni agbára tó ń ti omi láti ẹ̀yìn. Èkejì ni bí ọ̀nà tí omi ń gbà ṣe fẹ̀ tó. Bí agbára bá wà ṣùgbọ́n tí ọ̀nà há, omi á tín-ín-rín, síbẹ̀ á máa ta síni lára. Bí ọ̀nà bá fẹ̀ ṣùgbọ́n tí agbára kò sí, omi á kàn máa ṣàn wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Àwa tí a dàgbà nílé ti mọ̀ nípa agbára omi tipẹ́tipẹ́. Kí ló dé tí àwọn èèyàn wa fi ń gbé táǹkì sórí òpó irin gíga lẹ́yìn ilé? Torí pé bí táǹkì bá ṣe ga tó ni omi ṣe ń lágbára tó. Gíga mítà 1 ń fún omi ní agbára tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní 0.1 bar. Ó gba gíga mítà 10 kí agbára tó pé bar 1. Títóbi táǹkì kò fi ohunkóhun kún un: táǹkì lítà 5,000 tó jókòó sórí ilẹ̀ kò lè ta omi bíi kékeré tó wà lókè. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni yóò ṣàlàyé ìdajì ìṣòro tó wà nínú ilé níbí.

Ẹ̀KỌ́ KEJÌ: Ẹ MỌ IRÚ ÈTÒ OMI ILÉ YÍN

Irú mẹ́rin ló wọ́pọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

(a) Ilé tó ní táǹkì lájà. Èyí pọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́. Táǹkì omi tútù wà lókè àjà, sílíńdà omi gbígbóná sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Gíga táǹkì nìkan ló ń ti omi. Bí ìdí táǹkì bá fi mítà 1 péré ga ju orí ṣáwà lọ, 0.1 bar péré lẹ ní. Balùwẹ̀ ìsàlẹ̀ nínú ilé kan náà lè ní 0.3 bar. Ìdí nìyẹn tí ṣáwà ìsàlẹ̀ fi máa ń sàn ju tòkè lọ.

(b) Ilé tó ní combi. Kò sí táǹkì, kò sí sílíńdà. Bọ́ílà kan ṣoṣo ló ń gba omi láti páìpù ojú títì, tó ń mú un gbóná bó ṣe ń kọjá lọ. Agbára tó bá ti títì wá ni ilé yóò lò.

(d) Ṣáwà oníná. Àpótí kékeré ni lára ògiri balùwẹ̀, tó sábà máa ń ní okùn fífà tí a fi ń tan iná rẹ̀. Omi tútù nìkan ló ń wọ inú rẹ̀, iná mànàmáná ló sì ń gbé e gbóná lójú ẹsẹ̀.

(e) Sílíńdà tí kò ní táǹkì. Sílíńdà ńlá ni, omi ojú títì ló ń wọ inú rẹ̀ tààrà pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ ara yín tú ohunkóhun lára irú èyí, torí omi gbígbóná tó wà nínú rẹ̀ lágbára púpọ̀, ó sì léwu. Oníṣẹ́ tó ní ìwé-ẹ̀rí G3 nìkan ló yẹ kó fọwọ́ kàn án.

Bí ẹ kò bá mọ èyí tó wà nílé yín, ẹ gòkè àjà pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì ṣí kọ́bọ́ọ̀dù gbogbo. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ní kọjá kí ẹ tó mọ̀.

Ẹ̀KỌ́ KẸTA: ÌDÁNWÒ BỌ́KẸ́Ẹ̀TÌ

Ìdánwò yìí kò gba kọ́bọ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ìgò mínírà lítà 2 kan, àti fóònù tó ní aago la nílò. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ bá yín ṣe é. Ìṣirò inú rẹ̀ yóò ṣe wọ́n láǹfààní.

1. Ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ omi inú ilé. Ẹ rí i pé ẹ̀rọ ìfọṣọ kò ṣiṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀.
2. Ẹ ṣí táàpù omi tútù ti kíṣìnì tán pátápátá sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì fún ìṣẹ́jú kan gééré. Bí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá kéré, ẹ ṣe é fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kí ẹ sì sọ iye náà di ìlọ́po méjì. Ẹ fi ìgò lítà 2 wọn omi náà, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.
3. Ẹ ṣe bákan náà fún ṣáwà, ní ìwọ̀n gbígbóná tí ẹ máa ń fi wẹ̀.
4. Ẹ tú orí ṣáwà kúrò lẹ́nu họ́ọ̀sì, kí ẹ tún un ṣe.
5. Ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe ní aago méje àárọ̀ àti ní aago mọ́kànlá alẹ́.

Kí ló dé tí a fi bẹ̀rẹ̀ láti kíṣìnì? Torí pé nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ilé níbí, táàpù omi tútù kíṣìnì ló ń gba omi tààrà láti ojú títì. Òun ló ń sọ ohun tí ilé-iṣẹ́ omi ń gbé wá fún yín gan-an. Bí ó bá kún ìgò lítà 4 àti ààbọ̀ láàárín ààbọ̀ ìṣẹ́jú, ìyẹn lítà 9 ní ìṣẹ́jú kan, omi tó ń wọlé kò burú.

Ẹ wá jẹ́ ká ka èsì rẹ̀.

Bí kíṣìnì àti ṣáwà bá jọ ń ṣe aláìlágbára, ìṣòro wà lẹ́nu ọ̀nà ilé tàbí níta. Ẹ lọ sí orí ọ̀rọ̀ stopcock nísàlẹ̀.

Bí kíṣìnì bá dára tí ṣáwà kò dára, inú ilé ni ìṣòro wà. Owó púpọ̀ kọ́ ló máa gbà lọ́pọ̀ ìgbà.

Bí omi bá pọ̀ sí i gan-an nígbà tí ẹ tú orí ṣáwà kúrò, orí ṣáwà ló jẹ̀bi.

Bí omi tútù bá lágbára tí gbígbóná kò lágbára, ẹ wo sílíńdà, bọ́ílà tàbí fáàfù tó wà lójú páìpù omi gbígbóná.

Bí àárọ̀ bá burú tí alẹ́ sì dára, gbogbo àdúgbò ló jọ ń fa omi lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí kí ẹ̀yin àti ilé kejì jọ máa lo páìpù kan. Èyí wọ́pọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n kọ́ mọ́ra wọn.

Àpẹẹrẹ kan rèé. Ká ní ilé combi ni. Táàpù kíṣìnì tú lítà 13 jáde. Ṣáwà tú lítà 5. Nígbà tí wọ́n tú orí ṣáwà, họ́ọ̀sì nìkan tú lítà 10. Lítà 5 ni orí ṣáwà dá dúró! Bí ìdílé yìí bá ra bọ́ílà tuntun lọ́jọ́ náà, lítà 5 yẹn náà ni ṣáwà wọn yóò ṣì máa tú jáde lọ́jọ́ kejì.

Ẹ̀KỌ́ KẸRIN: ÀTÚNṢE TÍ A LÈ FỌWỌ́ ARA WA ṢE

Orí ṣáwà. Ẹ ṣí kẹ́tù yín, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá rí èépá funfun tó lẹ̀ mọ́ ọn, irú èépá yẹn náà ló wà nínú ṣáwà. Omi London àti agbègbè rẹ̀ le, torí inú ilẹ̀ tó kún fún òkúta ẹfun ni ó ń gbà kọjá. Ó dà bí omi kànga kan nílé tí ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀. Bí omi bẹ́ẹ̀ bá ti gbóná, ẹfun inú rẹ̀ á yọ, á lẹ̀ mọ́ ibi tó bá rí. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Manchester tàbí Glasgow kò ní ìṣòro yìí púpọ̀, torí omi adágún òkè ni wọ́n ń lò, ọṣẹ sì ń hó dáadáa nínú rẹ̀. Láti ọdún 1859 ni Glasgow ti ń mu omi adágún Loch Katrine. Kí àwọn tó wà lọ́hùn-ún wá ìdí mìíràn kí wọ́n tó dá èépá lẹ́bi.

Bí a ṣe ń yọ ọ́ rèé: ẹ da fínígà funfun sínú abọ́, ẹ rẹ orí ṣáwà sínú rẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tó ti gbó fọ ojú ihò rẹ̀, kí ẹ sì fi omi ṣàn án. Bí orí ṣáwà kò bá ṣe é tú, ẹ da fínígà sínú ọ̀rá, kí ẹ so ó mọ́ ọn lọ́rùn. Èyí tí wọ́n kùn ní àwọ̀ wúrà tàbí idẹ, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ nínú fínígà, kí àwọ̀ rẹ̀ má bàa ṣí.

Wáṣà àti asẹ́. Bí ẹ bá tú orí ṣáwà, ẹ wo ẹnu ibi tó ti so mọ́ họ́ọ̀sì. Asẹ́ kékeré lè wà níbẹ̀ tí iyanrìn ti dí. Nígbà mìíràn ẹ ó rí ike róbótó kan tó ní ihò tín-ín-rín láàárín. Wọ́n fi í síbẹ̀ kí omi má bàa ṣòfò ni. Nínú ilé tó ní táǹkì lájà, ó máa ń fún omi lọ́rùn jù, ẹ sì lè yọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí omi ojú títì lẹ ń lò tí ẹ sì ní mítà omi, ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó yọ ọ́. Ike yẹn ń dín owó omi yín kù.

Họ́ọ̀sì. Rọ́bà inú họ́ọ̀sì lè yí, tàbí kó wó lulẹ̀ nínú, nígbà tí irin ìta rẹ̀ ṣì ń dán. Bí omi bá dára nígbà tí ẹ tú họ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ kúrò, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kò wọ́n.

Fáàfù kékeré ojú páìpù. Lára páìpù tó lọ sí ṣáwà, tàbí lábẹ́ síǹkì, ẹ lè rí fáàfù kékeré tó ní ojú ìlà bíi ti orí ìdè. Bí ìlà yẹn bá dúró ní ìbú páìpù, ó ti pa. Bí ó bá tẹ̀ lé òòró páìpù, ó ṣí tán. Bí ó bá dagun, ìdajì omi ló ń kọjá. Súkúrúdíráfà lásán ló máa tún un ṣe.

Stopcock. Èyí ni ẹ̀rọ tí a fi ń ti omi gbogbo ilé, abẹ́ síǹkì kíṣìnì ló sábà máa ń wà. Lẹ́yìn iṣẹ́ kan tí wọ́n ṣe nínú ilé, ẹni tó tì í lè má ṣí i tán mọ́. Ẹ yí i sí ọwọ́ òsì títí yóò fi dúró, kí ẹ wá dá a padà díẹ̀, bí ìdá mẹ́rin yíyípo kan, kí ó má bàa há síbẹ̀. Bí ó bá ti le gan-an, ẹ má fi agbára mú un. Bí ó bá kán, ilé yóò kún fún omi.

Orí ṣáwà ńlá. Ọ̀pọ̀ nínú wa fẹ́ràn orí ṣáwà tó fẹ̀ bí àwo oúnjẹ, torí a rí i nínú hòtẹ́ẹ̀lì. Hòtẹ́ẹ̀lì ní agbára omi. Bí ẹ bá gbé irú rẹ̀ sí ilé tó ní 0.1 bar, omi kékeré kan náà ni ẹ pín fún ọgọ́rùn-ún ihò. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ sí lára pé ó wà fún omi tí agbára rẹ̀ kéré.

Ẹ̀KỌ́ KARÙN-ÚN: ṢÁWÀ ONÍNÁ ÀTI ÌGBÀ ÒTÚTÙ

Ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń sọ pé, "Ṣáwà wa bàjẹ́ ní December, ó tún ara rẹ̀ ṣe ní June." Kò bàjẹ́ rárá. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò.

Ṣáwà oníná ní ìwọ̀n agbára iná kan tí kò lè kọjá. Ká mú èyí tó jẹ́ kílówáàtì 9.5. Ní ìgbà òtútù, omi lè wọlé ní dígírì 5. Kí ó tó di dígírì 40 tí ara fẹ́, ó gbọ́dọ̀ gun àkàsọ̀ dígírì 35. Ṣáwà yìí kò lè ṣe ju nǹkan bíi lítà 4 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà ooru, omi lè wọlé ní dígírì 15. Dígírì 25 péré ló kù, ṣáwà kan náà yóò sì fúnni ní lítà 5 ó lé díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ omi púpọ̀ ní òtútù, ẹ dín gbígbóná rẹ̀ kù díẹ̀.

Ẹni tó bá ra pọ́ǹpù sí irú ṣáwà yìí kàn fi owó ṣòfò ni: bí omi bá sáré jù, tútù ni yóò jáde. Ohun tó lè fi kún un ni ṣáwà tí kílówáàtì rẹ̀ pọ̀ sí i, bíi 10.5. Ṣùgbọ́n irú èyí ń fa iná tó lé ní ampere 43, wáyà àtijọ́ sì lè máà gbé e. Wáyà tó gbóná jù nínú ògiri lè dáná sun ilé. Oníṣẹ́ iná mànàmáná tó forúkọ sílẹ̀ nìkan ni kó ṣe é.

Combi náà ní irú ààlà yìí. Combi kílówáàtì 24 kò lè gbé ju nǹkan bíi lítà 10 lọ láti dígírì 5 dé 40. Bí èèyàn méjì bá ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní balùwẹ̀ méjì, lítà 5 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀KỌ́ KẸFÀ: TA LÓ NÍLÒ PỌ́ǸPÙ?

Ilé tó ní táǹkì lájà ni pọ́ǹpù ṣáwà wà fún. Ibẹ̀ ni omi ti pọ̀ tí agbára sì kéré. Síbẹ̀, ẹ ro nǹkan mẹ́ta kí ẹ tó rà á.

Àkọ́kọ́, táǹkì yín ha gba lítà mélòó? Pọ́ǹpù tó ń tú lítà 14 ní ìṣẹ́jú kan yóò lo lítà 112 fún ẹni tó wẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Bí táǹkì bá jẹ́ lítà 200, ẹni kejì kò ní wẹ̀ tán kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Ìdílé wa kì í sì í ṣe ti ẹni méjì.

Èkejì, bí ẹ bá ní mítà, owó omi yóò gòkè. Ṣáwà tó ní pọ́ǹpù lè lo omi ju kí èèyàn kún ọpọ́n ìwẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta, ẹ lè gbé táǹkì ga sí i dípò kí ẹ ra pọ́ǹpù. Mítà 1 sí i lókè ilé tó ní 0.1 bar sọ agbára náà di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n lítà omi 1 wúwo tó kílò 1. Táǹkì lítà 200 ju igba kílò lọ, kò sì yẹ kó jókòó lórí pákó tí kò lè gbé e.

Fún ilé combi, ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni so pọ́ǹpù ṣáwà lásán mọ́ ọn. Lábẹ́ òfin omi ọdún 1999, ẹni tó bá fẹ́ so pọ́ǹpù tó ń fa ju lítà 12 lọ ní ìṣẹ́jú kan mọ́ páìpù tó ń bọ̀ tààrà láti ojú títì, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún ilé-iṣẹ́ omi, kí wọ́n sì gbà fún un. Ìdí rẹ̀ ni pé omi ilé kejì lẹ máa fà.

Bí oníṣẹ́ bá ní kí ẹ yọ táǹkì kúrò kí ẹ ra combi, ẹ padà sí ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ nípa táàpù kíṣìnì. Bí kíṣìnì kò bá tú ju lítà 6 jáde, combi tó dára jù lọ ní ọjà kò lè tú ju 6 lọ. Bọ́ílà kì í dá omi. Ohun tí títì bá gbé wá ló ń pín.

Ẹ̀KỌ́ KEJE: Ẹ̀TỌ́ YÍN LỌ́WỌ́ ONÍLÉ ÀTI ILÉ-IṢẸ́ OMI

Bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé ní England, òfin onílé àti ayálégbé ọdún 1985, ní abala 11, sọ pé onílé ló gbọ́dọ̀ máa tún àwọn ohun tó ń gbé omi wọ ilé ṣe, kí wọ́n sì máa ṣiṣẹ́ dáadáa. Páìpù, táǹkì, bọ́ílà àti ọpọ́n ìwẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí i, ẹ má fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ẹ kọ ọjọ́ àti iye lítà tí ẹ wọ̀n. "Ṣáwà ń tú lítà 2 jáde, kíṣìnì ń tú 12" lágbára ju "omi ò dáa" lọ. Òfin yìí kò fi dandan lé onílé láti ra ohun tó dára ju èyí tó wà tẹ́lẹ̀ lọ. Àtúnṣe ohun tó bàjẹ́ ló wà fún.

Bí omi kíṣìnì fúnra rẹ̀ bá ń ṣe aláìlágbára, ẹ pe ilé-iṣẹ́ omi. Ní England àti Wales, agbára omi nínú páìpù tí wọ́n fi ń gbé omi wá sẹ́nu ilé yín kò gbọ́dọ̀ kéré sí gíga mítà 7, ìyẹn 0.7 bar. Bí ó bá lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ 28, tí ìgbà kọ̀ọ̀kan sì ju wákàtí kan lọ, ẹ lè ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-má-bínú, àyàfi bí ó bá jẹ́ ọ̀dá tàbí iṣẹ́ tó pọn dandan ló fà á. Bí ẹ bá fẹjọ́ sùn tí wọn kò dáhùn, àjọ CCW máa ń ran oníbàárà lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ra ilé, ẹ mọ̀ pé páìpù tó wà láti ààlà ilẹ̀ yín dé inú ilé, tiyín ni. Bí ilé bá ti wà ṣáájú ọdún 1970, páìpù òjé lè wà níbẹ̀. Òjé kò dára fún ara, pàápàá fún àwọn ọmọdé, páìpù àtijọ́ náà sì sábà máa ń tín-ín-rín. Ẹ bi ilé-iṣẹ́ omi bóyá wọn yóò pààrọ̀ apá tiwọn bí ẹ bá pààrọ̀ tiyín. Ẹ tún ka mítà kí ẹ tó sùn, kí ẹ má lo omi kankan ní òru, kí ẹ sì kà á láàárọ̀. Bí ó bá ti rìn, omi ń jò níbì kan, ẹ̀yin lẹ sì ń sanwó rẹ̀.

Ẹ̀KỌ́ KẸJỌ: ÀÀBÒ

Iṣẹ́ gáàsì jẹ́ ti ẹni tó wà lórí ìwé Gas Safe nìkan, èyí tó rọ́pò CORGI ní ọdún 2009. Ẹ béèrè káàdì rẹ̀, kí ẹ yí ẹ̀yìn káàdì wò, torí ẹ̀yìn ni wọ́n kọ irú iṣẹ́ tó lè ṣe sí. Kódà bí ó jẹ́ ọmọ ìlú wa, ẹ béèrè. Kì í ṣe ìwọ̀sí.

Ẹ pa iná ṣáwà oníná láti orísun rẹ̀ kí ẹ tó tú ohunkóhun lára rẹ̀. Ẹ má ṣe ṣí àpótí rẹ̀ fúnra yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ilé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin, omi tó dúró nínú páìpù lè bí kòkòrò Legionella, èyí tó ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró nígbà tí a bá fa ìkùukùu omi rẹ̀ símú. Bí ẹ bá dé, kí ẹnikẹ́ni tó wẹ̀, ẹ fi orí ṣáwà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kí omi má bàa fọ́n ká, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ jẹ́ kí omi ṣàn fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí ilé yín bá ní sílíńdà, omi inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tutù ju dígírì 60 lọ. Ẹ sì máa fọ orí ṣáwà ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Àǹfààní méjì ló wà nínú rẹ̀, ti ara àti ti agbára omi.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀTÚNYẸ̀WÒ

Ẹ jẹ́ kí ìdílé jókòó dáhùn ìwọ̀nyí pa pọ̀:

1. Kí ló dé tí táǹkì ńlá tó wà nílẹ̀ kò lè ta omi bíi kékeré tó wà lókè?
2. Kíṣìnì tú lítà 12 jáde, ṣáwà tú 4, họ́ọ̀sì láìsí orí ṣáwà tú 4 náà. Ṣé orí ṣáwà ló jẹ̀bi? Ibo ló kù tí a ó wò?
3. Kí ló dé tí ṣáwà oníná fi ń dín omi kù ní December?
4. Lítà mélòó ni èèyàn márùn-ún yóò lò bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá wẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ lábẹ́ ṣáwà lítà 14? Ṣé táǹkì yín gbà á?
5. Ibo ni stopcock ilé yín wà? Ṣé àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n?

Ní Saturday tó ń bọ̀ yìí, ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì jáde. Ẹ kọ iye lítà kíṣìnì, ti ṣáwà àti ti họ́ọ̀sì sórí ìwé kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Bí oníṣẹ́ bá dé lọ́jọ́ kan, ìwé yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi hàn án, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ owó. Owó tí a kò ná sórí pọ́ǹpù tí a kò nílò, ó lè san owó ìwé ọmọ, ó sì lè ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ kí àwọn òbí nílé.